Mo Ń Ka Èémí

Ọjọ́ kẹtàlélógún rèé tí ikọ́ ti wọlé tì wá
nínú yàrá méjì wa, ní òpópónà Pembina, ní Winnipeg.
Ó ń bá wa jẹun, ó ń sùn sáàárín èmi àti Fìyìn.
Mo ti mọ ohùn rẹ̀ bí ẹní mọ ẹsẹ̀ ayálégbé òkè àjà:
ti àárọ̀ gbẹ, ti ọ̀sán kún fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀,
èyí tó ń jí i ní aago méjì òru
ni yóò bi wàrà sí mi láyà,
tí ọmọ yóò sì tún sùn lọ.

“Ikọ́ kì í pa ọmọ tó bá ń ṣeré,”
ni màmá mi wí láti Ọ̀tan, lórí fóònù.
“Fi àdín pa á láyà. Fún un ní oyin.”
Àdín ti dì bí àbẹ́là nínú ìgò,
orí ẹ̀rọ amúlégbóná ni mo gbé e lé kó tó yọ́.
Oyin ńkọ́? Ó lá a, ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo gbé e lọ sí ọsibítù.
Wákàtí mẹ́sàn-án la fi jókòó sórí àga oníke,
òun ń sáré kiri, ó ń fa aṣọ àwọn aláìsàn.
Dókítà fi nǹkan gbọ́ àyà rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta,
ó ní yóò lọ fúnra rẹ̀,
ó ní kí n padà wá bí nǹkan bá yí padà.

Bí nǹkan bá yí padà!
Ta ló rí i rí, ìgbà tí omi ń di yìnyín?
O wò ó, omi ni. O tún wò ó, omi náà ni.
O yíjú díẹ̀ báyìí.

Lóru òní, bàbá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, nílé búrẹ́dì,
níbi tí wọ́n ti ń gba fóònù lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà.
Ikọ́ dákẹ́.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dúpẹ́.
Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohun tí ikọ́ ti ń bò mọ́lẹ̀:
èémí kúkúrú, kúkúrú, bí ajá tó sáré dé.
Mo ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè.
Abẹ́ ìhà rẹ̀ ń jìn wọlé
bí ọ̀rá omi tí wọ́n fà mu kanlẹ̀.
Kòtò ọrùn rẹ̀ náà ń jìn.

Mo gbójú lé aago ara máíkíròwéèfù, mo ń kà.
Mo ṣì í kà, mo tún bẹ̀rẹ̀.
Méjìdínlọ́gọ́ta.
Mo ní bóyá ìbẹ̀rù ló ń lé ẹnu mi sáré.
Mo tún un kà.
Mọ́kànlélọ́gọ́ta.

“Fìyìn, kí lorúkọ ẹ?”
Ọmọ tó máa ń dárúkọ tòun toríkì,
tí yóò fi ti bàbá àgbà kún un láìbéèrè,
ó wò mí, ó la ẹnu,
ó yan èémí dípò orúkọ.

Ṣé kí ilẹ̀ mọ́ ná?
Ojú ń tì mí, n ò ní purọ́:
kí wọ́n má tún wò mí bí ìyá tí kò lè fara da ikọ́ lásán.
Àmọ́ ìtìjú kò ní ẹ̀dọ̀fóró,
kò lè bá ọmọ mí.
Mo ṣí fíríìjì, mo wo ètè rẹ̀ nínú iná ibẹ̀:
àwọ̀ eérú.
Mo tẹ mẹ́sàn-án, ọ̀kan, ọ̀kan.
Obìnrin kan bèèrè ibi tí mo wà,
Yorùbá ni mo fi dá a lóhùn kí n tó rántí.

Bàtà òjò-dídì ẹsẹ̀ òsì nìkan ni mo rí.
Mo fi gèlè wé ẹsẹ̀ kejì.
Àwọn méjì tó wọlé kò bọ́ bàtà, n kò sì bínú;
wọ́n fi ike bo imú rẹ̀, wọ́n gbé e sáré.

Ọsibítù kan náà ni.
A kọjá lára àwọn àga oníke.
Kò sẹ́ni tó ní ká jókòó.