Ọkọ̀ Ọkọ Orísíà

Nígbà tí ìyá arúgbó náà sọ orúkọ rẹ̀ fún mi
lẹ́nu ọ̀nà àká rẹ̀, lẹ́yìn ìlú Edson,
Òrìṣà ni etí mi gbọ́.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ sínú yìnyín.
Orísíà ni. Láti Yukiréènì ni àwọn baba rẹ̀ ti wá sí Alberta.
Ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ tà.
Àmì kékeré kan péré, nínú èdè tèmi,
ló wà láàárín olóògbé àti píkọ́ọ̀pù rẹ̀.

Fọ́ọ̀dù ọdún 1967, lábẹ́ igi páìnì,
táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlẹ̀ bí ẹni tó kúnlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́.
Eku ti bímọ sínú ìjókòó.
Mo fi ìka kan tẹ abẹ́ ilẹ̀kùn, ìka wọlé.
Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà;
ìpáàrà tó ń jẹ irin, kì í ṣe ìta ló ti wá.
Ẹgbẹ̀rin dọ́là. N kò ná an.
Bóyá ó yẹ kí n ná an.

Ìgbà òtútù méjì.
Ní ìdájí, tí mo bá ti ilé ìlagi dé,
tí ẹ̀hẹ́ pákó ṣì wà nínú irun mi,
màá tan iná gáréèjì.
Nọ́ọ̀tì kan wà tó bá mi jà fún ọjọ́ mẹ́ta:
mo ta epo sí i, mo fi iná yan án, mo bẹ̀ ẹ́,
mo fi ohùn Ọ̀wọ̀ bú u.
Lọ́jọ́ kẹrin ó yí wọ́ọ́rọ́, bí ẹni pé a ò jà rí.

Mo gé ṣaasí, mo jó irin tuntun mọ́ ọn.
Ásù ẹ̀yìn, ara ọkọ̀ ológun kan tí wọ́n tú palẹ̀ ní Red Deer ni.
Sípíríǹgì gíga. Wínṣì níwájú.
Mo la ihò imú fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé
kó lè máa mí nínú odò bí erinmi.
Ọjọ́ tí mo gbé e lé táyà tuntun,
Àbísóyè ọmọ mi wò ó títí, ó ní
ó jọ ọmọdé tó wọ bàtà bàbá rẹ̀.

Abẹ́ ìjókòó, nínú ìtẹ́ eku, ni mo ti rí ọkọ́ kan,
èèkù rẹ̀ ti jẹrà.
Ọkọ̀. Ọkọ. Ọkọ́.
Mo bú sẹ́rìn-ín lémi nìkan, aago márùn-ún ìdájí,
mo wá wo ọ̀tún, mo wo òsì.
Mo lọ jí Àbísóyè. Mo pè é fún un lẹ́ẹ̀mẹta.
Ó ní bákan náà ni gbogbo rẹ̀ létí òun,
ó sì fa bùláńkẹ́ẹ̀tì borí.

Orísíà pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Ilẹ̀kùn òsì, ó ní, ibi tó tẹ̀ wọnú yẹn, má nà án.
Màlúù ló ta á nípàá, Bohdan sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń tọ̀.
N kò nà án.
Mo kùn ún ní àwọ̀ ewé, pẹ̀lú ojú àpá náà.

Nínú oṣù Okúdù mo lọ gbé e.
Ahéré wọn wà lókè lọ́hùn-ún,
ṣùgbọ́n àgbàrá ti gbá ọ̀nà lọ láti ọdún kọkànlá,
òkúta tó tó orí màlúù ló kù.
A wọ odò. Omi kan ilẹ̀kùn, ó kan ojú àpá.
Kò sọ̀rọ̀. Ó gbé ọkọ́ náà lé itan.
Ní ẹsẹ̀ òkè, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́,
ó sì bojú wò mí bí ìyá ti ń wo ọmọ tó dàbọ̀ omi nù:
«Bohdan kì í fi jíà kẹta gun ibí.»

Mo fà á sí kejì.
Ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ hú,
ó gùn ún.