Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni tíkẹ́ẹ̀tì máa ń rọjú ní Montreal,
lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà ni wọ́n sì máa ń lù wá jù.
Mo sọ ọ́ fún Réjean tó jókòó tì mí
pé lédè tiwa, orúkọ ọjọ́ òní ni pé ká borí.
Ó rẹ́rìn-ín títí bíà fi dà sí i lẹ́sẹ̀.
Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti nà wá tán,
á yíjú sí mi: "Madame Morádéyọ̀,
ẹ bá wa bi àwọn tó sọ ọjọ́ lórúkọ."

Òórùn ọṣẹ ilé ìwòsàn ṣì máa ń wà lọ́wọ́ mi
tí mo bá sọ̀ ní Pie-IX.
Kì í ṣe pé mo mọ béèsìbọ́ọ̀lù. Òtútù ló lé mi wọbẹ̀.
Réjean ló kọ́ mi: pẹ́ńsùlù kúkúrú kan, ìwé onílà,
bí a ṣe ń kọ ẹni tó délé àti ẹni tó kú sójú ọ̀nà.
Faransé mi, ibẹ̀ ni mo ti kó o.
Mo ti lè bú rẹfirí
kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ omi.

Ohun tó mú mi nínú eré náà kò ju ẹyọ kan lọ:
ilé lèèyàn ti ń gbéra,
á yí ibùsọ̀ mẹ́ta po, ilé náà ni yóò padà sí.
Bí kò bá délé, wọn ò ní ka ìrìn rẹ̀ sí nǹkan kan.
Àjò kì í dùn kí onílé má rèlé.
Èmi náà, ibùsọ̀ kẹta ni mo wà láti 1983.

Pápá náà ò dára o, n ò ní purọ́.
Kọ́ńkéré lásán, òrùlé ń ya bí aṣọ àlòkù.
A kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n àga òfìfo la fi ń pariwo:
a ó gbé e sókè, a ó gbá a mọ́lẹ̀, gbàgà, gbàgà,
ẹni mẹ́wàá á dún bí ẹgbẹ̀rún.

Ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ 1994.
Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.
Ìṣẹ́gun mẹ́rìnléláàádọ́rin, kò sẹ́ni tó tó wa,
ni olówó àti òṣìṣẹ́ bá ń fa owó mọ́ra wọn lọ́wọ́,
wọ́n gbé ìkòkò kúrò lórí iná nígbà tó ku ká bù ú.
Wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀.
Kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé,
wọ́n ti ń ta àwọn ọmọ náà bí ẹrù òkú.
Àwọn kan ń bínú sí eléré. Èmi kọ́.
Ẹni tó ń làágùn ló ni òógùn.

Réjean kú ní Oṣù Kejì ọdún 2004.
Maryse, ọmọ rẹ̀, gbé ìwé onílà náà wá fún mi,
pẹ́ńsùlù wà nínú rẹ̀.
Alẹ́ ìkẹyìn, Ọjọ́rú ni.
Èèyàn tó wọlé lé ní ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀, wọ́n ń sunkún.
Mo fẹ́ bi wọ́n: gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọ̀nyẹn,
níbo lẹ wà?
Mẹ́sàn-án sí ẹyọ kan. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.
Kò sí àga òfìfo kan tí mo lè gbá mọ́lẹ̀.

Tiwalolú, ọmọ ọmọ mi, ń gbé ní Toronto.
Ó ra fìlà búlúù tiwọn fún mi.
Mo dúpẹ́, mo gbé e sórí fìríìjì.
Ó ní, "Màmá àgbà, ẹgbẹ́ yín ti kú tipẹ́."
Mo ní kò kú. Ó kó lọ ni, ó sì pa orúkọ dà.
Èmi náà kó kúrò nílé. N ò pa tèmi dà.

Lánàá ó pè, ó ní òun fẹ́ mọ
bí a ṣe ń fi pẹ́ńsùlù kọ ẹni tó kú sójú ọ̀nà.
Mo ní kó wọ ọkọ̀ ojú irin wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Tíkẹ́ẹ̀tì máa ń rọjú lọ́jọ́ náà.