Mo Tọrọ Àforíjì Lọ́wọ́ Orúnkún Ọ̀tún

Orúnkún ọ̀tún, jókòó ká sọ̀rọ̀.
Ọdún méjì gbáko ni mo fi bú ọ.
Mo pè ọ́ ní ọ̀lẹ, mo pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀,
mo fi báńdéèjì dì ọ́ bí ẹni de olè,
mo fi òróró káńfọ̀ pa ọ́
títí ajá àdúgbò fi ń sín bí mo bá ń kọjá.

Ìwọ náà mọ iṣẹ́ wa ní Valparaíso yìí:
òkè lórí òkè, ilé lórí ilé,
àtẹ̀gùn tó gbéra ní etíkun tí kò mọ ibi tó ń lọ,
àti èmi, Nolberto, sìlíńdà gáàsì léjìká ọ̀tún,
kùrukùru òkun lára irùngbọ̀n,
tí mò ń fi irin lu sìlíńdà
kí àwọn arúgbó lè yọjú ní fèrèsé.

Gígùn kò burú. Sísọ̀kalẹ̀ ni wàhálà.
Ẹrù ti kúrò léjìká, ó yẹ kí ara fúyẹ́,
ìgbà náà gan-an lo máa ń ké,
lẹ́yìn eegun róbótó tó bo ojú rẹ,
bí àgbékọ́ ilẹ̀kùn tí iyanrìn há sí.
Bí mo bá sì jókòó pẹ́ nínú bọ́ọ̀sì,
àfi kí n na ẹsẹ̀ sójú ọ̀nà,
kí àwọn èèyàn máa fò mí kọjá, kí wọ́n máa pòṣé.

Ọmọbìnrin tó wà ní ilé ìwòsàn, Yasna,
tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún,
kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn ọ́. Inú bí mi.
Mo ní, "Orúnkún ló ń dùn mí, ìyáàfin, kì í ṣe ìdí."
Ó fi bírò kán àmì dúdú kan sójú rẹ,
ó ní kí n dúró lẹ́sẹ̀ kan níwájú dígí,
kí n rọra tẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó.

Mo tẹ̀.
Ìgbáròkó òsì já wálẹ̀ bí orí ẹni tó ń tòògbé,
itan ọ̀tún yí sínú,
àmì dúdú kúrò níwájú,
ó kọjú sí orúnkún òsì bí ẹni fẹ́ ṣòfófó.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Yasna wí.
"Eegun róbótó yìí ní poro tó ń tọ̀.
Ara itan ni poro náà wà. Bí itan bá yí, poro yí,
eegun á máa fi ẹ̀gbẹ́ ha ògiri.
Itan kì í sì í dédé yí."
Ó fi ìka méjì tẹ ẹ̀gbẹ́ ìdí mi.
"Iṣan ibí yìí ló yẹ kó dì í mú. Ó ń sùn."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.
Àgbà wà lọ́jà, orúnkún mi, ó wà níbẹ̀ gedegbe,
lókè rẹ, ó ń hanrun.
Orí rẹ wọ́.
Ìwọ tí ò ń sunkún ni mo wá ń lù.

Lálaalẹ́ báyìí, mò ń fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì,
mò ń gbé ẹsẹ̀ sókè, mò ń sọ ọ́ kalẹ̀
lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, títí ìdí fi ń ta mí bí ata,
ìyàwó mi ń na ọrùn kó lè rí tẹlifíṣọ̀n.
Lórí àtẹ̀gùn, mò ń gbé ìbàdí
bí ẹni gbé àwo omi tó kún dẹ́nu.
Àwọn ọmọdé ń sín mi jẹ. Kí wọ́n máa sín mi jẹ.
Oṣù mẹ́ta. Ìrora ò tíì lọ tán,
bí òjò bá ṣú, o ṣì ń kùn díẹ̀.
Mi ò bú ọ mọ́.

Àmọ́ lánàá, bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo,
mo ṣàdédé rántí Ulises, ọmọ mi,
tó lọ sí Antofagasta láì dágbére,
gbogbo ariwo tó pa nínú ilé wa,
bí mo ṣe ń dá a lẹ́bi nítorí pé òun ló ń dún.
Mo dúró, mo di irin àtẹ̀gùn mú,
mò ń ro ẹni tó ń sùn lókè rẹ̀ nígbà náà.