Ìbéèrè Keje

Akínfọlárìn wá láti iléeṣẹ́ adójútòfò,
bàtà rẹ̀ ń dán, ó ń fo omi ìfọṣọ
lẹ́yìnkùlé wa ní Òkè-Àró.
Ó gbé fọ́ọ̀mù lé orúnkún, ó ní kí ìyá mi jókòó.
Ìyá mi kò jókòó. Iyán ń bẹ lódó.

Ìkínní: ta ló ni ilé?
Ìkejì: bíríkì ni àbí amọ̀?
Ó ń gún, ó ń dáhùn,
ọmọ odó ń bá a fi òpin sí gbólóhùn.
Ìgbà tó di ìkeje ni odó dákẹ́:
ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló wà láàrin ààrò àti ògiri?

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ilẹ̀ ni mo ń wọ̀n tà ni?”
Síbẹ̀ ó bọ́ sálúbàtà, ó fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n.
Ọ̀kan. Ààbọ̀.
Ọmọkùnrin náà mi orí. Ó ní ó kéré tán, mẹ́ta.
Ó tọ́ka sí ìdì igi arère tí mo kó ní sọ́míìlì,
tó fẹ̀yìn ti ààrò bí àlejò tó ń yáná.
Ó tọ́ka sí kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì,
sí èéfín ogún ọdún tó ti di ọ̀dà lára páànù.

“Mo ti ń dáná níbí kí wọ́n tó bí ọ.”
“Mo mọ̀, mà. Ẹ ṣáà sún igi yẹn.”

A kò sún un.
Ìyá mi san owó ọdún kan
torí pé ó jẹ iyán rẹ̀ tán, ó sì kí i kúuṣẹ́.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa.
Ẹyinná kan ta,
ẹyọ kan, kò tó èékánná,
ó bọ́ sáàrin arère.
A gbọ́ ọ tó ń ta pàrà, pàrà. A pè é ní eku.
Ìyá Bọ́sẹ̀dé ló figbe ta lódìkejì ògiri.
Yanrìn tí a fẹ́ fi rẹ́ ilé la bù lé e.
Yàrá kù. Ilé ìdáná lọ.

Oṣù mẹ́rin kí owó tó jáde:
páànù mẹ́rìnlá, ilẹ̀kùn kan, ìkòkò mẹ́ta.
Odó tí ìyá rẹ̀ rù wá láti Ìdànrè
kò ní àyè nínú fọ́ọ̀mù.

Ààrò tuntun fi ẹsẹ̀ mẹ́ta jìnnà sí ògiri,
ẹsẹ̀ ìyá mi, kì í ṣe ti rúlà.
Igi ń sùn níta.
Lóru, mo máa ń gbọ́ sálúbàtà rẹ̀.
Á fẹ̀yìn ọwọ́ kan ààrò
bó ṣe ń kan iwájú orí mi nígbà ibà, ní kékeré.
Kò ní sọ̀rọ̀. Á dúró
títí ara ààrò á fi tutù.