Àmì Pupa

Oṣù Ọ̀wàrà. Ọjọ́ kẹrin rèé
tí òjò ti ń lu páànù ilé iṣẹ́ wa,
tí kò sinmi, tí kò tilẹ̀ wúkọ́.
Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó ṣú, ó dúdú bí ìdí ìkòkò;
gbogbo ohun tó bá rọ̀ lọ́hùn-ún,
ẹ̀yìn ìsédò wa níbí ló ń wá sùn.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sára ọ̀pá ìwọ̀n:
ó ku ìka mẹ́rin kí omi kan àmì pupa.
Mo lọ po tíì. Mo padà dé.
Ó ku ìka méjì.

Ọ̀gá ní n ò gbọdọ̀ ṣí i láìgbọ́ tẹnu òun.
Fóònù ọ̀gá ń dún ní Ṣàgámù, kò gbé e.
Fèrè ìkìlọ̀ wà lórí òpó, ó rẹwà,
a kùn ún lọ́dà tuntun lọ́dún tó kọjá,
epo ni kò sí níbẹ̀.

Wọ́n ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́,
ẹni eji bá rí leji ń pa.
Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo di irin ìlẹ̀kùn omi mú,
mo lọ́rẹ̀ẹ́.
Efúnyẹmí ń bẹ nísàlẹ̀ odò,
òun àti ẹ̀gẹ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́jọ,
ọmọ-ọmọ mẹ́ta, ewúrẹ́ kan tó ń tiro.
Mo rán ọmọ Ṣónúgà lórí alùpùpù:
“Kan gbogbo ilẹ̀kùn.
Bí wọ́n bá bú ọ, tún un kàn.”

Bí n ò bá ṣí i, tí ògiri ya,
odò á kó abúlé mẹ́ta, á kó mi mọ́ ọn.
Bí mo bá ṣí i, oko kan ni.
Ìṣirò yìí rọrùn nínú ìwé.
Aago méjì ààbọ̀ òru, mo yí irin náà lẹ́ẹ̀mẹ́jọ.
Ó ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.
Omi kò dúpẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, mo kọ ọ́ sílẹ̀:
Omi fà ní ìka méje. Ẹnikẹ́ni kò kú.
Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni Efúnyẹmí gun òkè wá,
ẹrẹ̀ dé e lórúnkún, ó gbé ẹja kan dání
tó há sáàárín ebè rẹ̀.
Kò kí mi. Kò bú mi.
Ó gbé ẹja náà ka orí ìwé àkọsílẹ̀ gan-an, ó ní:
“Ìwọ tó mọ ọ̀pá omi í kà,
ẹrẹ̀ ti fa ìlà tirẹ̀ sára ògiri mi,
ó ga ju èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà lọ.
Dìde.
Wá ka tèmi náà.”