Ẹ̀rọ Ìsàlẹ̀ Ilé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dákẹ́.
Mo ti ilé iṣẹ́ búrẹ́dì dé ní ìdájí,
ooru ààrò ṣì wà nínú aṣọ mi.
Mo ṣílẹ̀kùn: ilé tutù bí imú ajá.
Èémí mi ń jáde ní funfun nínú kíṣìnì ara mi
bí èéfín sìgá tí n kò mu rí.

Akínlàjà ti wọ kóòtù méjì, ó mú tọ́ọ̀ṣì,
ó wà nísàlẹ̀ ilé, ó ń bẹ irin:
“Jọ̀ọ́, jí. Jọ̀ọ́.”
Àríyìíkẹ́ wà lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta,
imú nìkan ló yọ.
A so hítà kékeré mọ́ iná. Iná gbogbo ilé kú.

Kòmó dé ní ìyálẹ̀ta,
èdè Faransé àwọn bàbá rẹ̀ ṣì ń ta á lẹ́nu.
Ó rọra gbá bọ́ílà náà lẹ́yìn
bí ẹni ń tu ẹran ọ̀sìn nínú.
1961 ni wọ́n kọ sí i láyà.
“Ó jù mí lọ,” ló wí, ó tan iná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:
ìlà kan, tín-ín-rín bí irun, omi ń ti ibẹ̀ sun.
“Irin tó bá ti là báyìí, kò sí ẹni tó ń rán an.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Kòmó jókòó sórí garawa ọ̀dà, ó ṣí ìwé.
Bọ́ílà tuntun, tó ń mu epo bí èyí tó kú:
ọjọ́ méjì péré, ooru ti dé,
ṣùgbọ́n ọkọ̀ epo yóò máa wá,
ẹnu ọ̀pá rẹ̀ nínú táńkì wa, ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò wa.
Gáàsì kò gba àdúgbò wa ní Dátímọ́ọ̀tì.
Tàbí àpótí kan tí wọn á gbé kọ́ ara ògiri lóde,
tí yóò máa fa ooru látinú òtútù wá sínú ilé.

Mo ní kó tún un sọ.

Ìyá ọkọ mi lórí fóònù, láti Ìkirè:
“Ooru wo ló wà nínú yìnyín?
Ṣé ẹ ti ń fún wàrà lára òkúta níbẹ̀ yẹn ni?”
Mo ní, Màámi, wọ́n ní bó ti wù kó tutù tó,
ooru díẹ̀ kò ní ṣàì ṣẹ́kù nínú afẹ́fẹ́;
ẹ̀rọ náà ló mọ bí a ti ń ṣà á jọ.
Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.
“Áà. Bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà nínú iyanrìn.”
Gbogbo ìwé tí Kòmó kó sílẹ̀, kò sí èyí tó yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Akínlàjà fẹ́ ohun tó mọ̀. “Bí iná bá lọ ńkọ́?”
Mo ní, kí ló ń jí bọ́ílà tẹ́lẹ̀, àdúrà?
A wọ ìbọ̀wọ́ jà: mo naka sí i, ìka ò hàn,
ló bá bú sẹ́rìn-ín.
Lẹ́yìn náà la kó owó ọkọ̀ òfurufú Oṣù Kejìlá jáde,
owó ọdún mẹ́ta. A wò ó.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n gé arúgbó náà sí wẹ́wẹ́ gbé jáde,
a rí ìkọ̀wé pẹ́ńsù lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀,
ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Makáísáàkì tó tà á fún wa:
1974, mo pààrọ̀ pọ́ńpù.
1983, mo nu ihò iná.
1998, Éfà kú. Mo nu ihò iná.
Kòmó ní ṣé kí òun kun ògiri náà.
Akínlàjà ní rárá.

Ilé ti móoru báyìí. Àríyìíkẹ́ ń bèèrè
ta ni yóò máa wúkọ́ nínú páìpù lóru.
Èmi náà ń jí, mo ń tẹ́tí, n kò gbọ́ nǹkan kan.
Láàárọ̀ àná mo dúró síwájú àpótí náà, mo na ọwọ́:
atẹ́gùn tó ń tú jáde tutù ju òde lọ.
Iyanrìn rèé, mo wí.
Ẹ̀wà ti wọlé.