Ó Ku Ọ̀la

Ẹ̀yìnkùlé wa nìyí, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Màmá Àwẹ̀ró ṣí ìdérí ìkòkò aró;
mo jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀,
kọ̀ǹpútà lórí itan,
mò ń dúró de òkun kó sọ̀ kalẹ̀ láti òfurufú.

"Kí lò ń wò bí ẹni tó ń retí àlejò?"
Màmá, iyọ̀ ni.
Sátẹ́láìtì kan ń yí ayé po lókè réré,
kò fọwọ́ kan omi, kò tọ́ ọ wò,
etí ló dẹ sílẹ̀.
Òkun a máa mí sókè, èémí tí ojú kò rí;
bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni èémí náà ń rọ̀,
ìyàtọ̀ rẹ̀ kò sì ju irun ìpéǹpéjú lọ.
Afẹ́fẹ́ a dé, a da ọ̀rọ̀ rú.
Ìràwọ̀ pàápàá a máa já lu ọ̀rọ̀.
A ó yọ ti afẹ́fẹ́, a ó yọ ti òjò,
bí ẹní ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà,
kó tó wá ku iyọ̀:
gíráàmù márùndínlógójì nínú kílò omi kan.

Ó rẹ́rìn-ín. "Odò tiwa dà níbẹ̀?"

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti wọhò.
Ọ̀ṣun ń gbé ẹrẹ̀ àwọn awakùsà lọ,
ó dé ọ̀sà, ó wọnú òkun, ó ń bomi la iyọ̀,
ṣùgbọ́n ẹyọ ojú kan ẹ̀rọ yìí fẹ̀ tó Òṣogbo sí Ifẹ̀,
ilẹ̀ a sì máa pariwo bo omi mọ́lẹ̀ létí èbúté.
Gbogbo etíkun, funfun ni wọ́n fi sílẹ̀.
Ìtumọ̀ funfun ni pé a ò mọ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Màmá wí.

Láti ìgbà ibà èṣí ni ahọ́n rẹ̀ ti kú.
Ẹni tó máa ń fìka tọ́ omi eérú wò,
tí yóò tutọ́, tí yóò dájọ́,
kò mọ ata yàtọ̀ sí oyin mọ́.
Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ̀ síwájú,
ó wo awọ ojú aró,
ìfófó tó ń dán bíi bàbà.
"Ó ku ọ̀la."
Ó dé ìkòkò.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà:
"Lọ́la, Mopélọ́lá, ìwọ ni yóò bá mi tọ́ ọ wò.
Ojú lásán, mi ò fọkàn tán an."

Mo pa kọ̀ǹpútà dé.
Omi eérú ti ń ta mí lẹ́nu.